Oorun Ọ̀sán ní Ṣọ́ọ̀bù Oníwúrà

"Ó fún mi lóògùn oorun! Obìnrin tí àbúrò mi fi sílẹ̀ sílé, tí à ń bọ́, tí à ń wọ̀ láṣọ, òun ló fún mi lóògùn oorun jẹ, kó lè ráyè jalè!"

"Ọkọ mi, ẹ rántí Ọlọ́run. Ẹ̀yin lẹ tọrọ oògùn lọ́wọ́ mi."

"Má pè mí lọ́kọ! Mi ò fẹ́ olè rí láyé mi!"

Ohùn ọkùnrin náà ń ta bí àgbàdo inú agbada. Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju yàrá méjì lọ, ariwo sì ti kún un dé àjà, débi pé nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Kò dùn ún. Ó ti mọ́ ọn lára. Obìnrin kúkúrú, tín-ín-rín ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kí irun orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó kéré. Àwọn olè tó ti gbìyànjú láti gbé e mì ló mọ ìyókù orúkọ náà.

"Ẹ kú ìjà o," ó ní.

Ariwo dákẹ́ wáí. Sájẹ́ǹtì tó dúró ti séèfù pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ yára kí i. "Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí. Obìnrin yìí ló... há... hàṣììì!"

"Ọ̀rọ̀ ti parí, ìwọ sì ń sín. Èwo ni ká kọ́kọ́ tọ́jú níbẹ̀?"

"Ẹ má dá mi lóhùn, ọ̀gá. Igi ìta yìí ni. Ọdọọdún tí wọ́n bá ti tanná báyìí, imú mi á di ẹ̀rọ omi."

Kò purọ́. Àwọn igi tó wà lẹ́bàá títì ti tanná láti orí dé ẹsẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn sì ń fò kiri bí òfófó. Ó bo òrùlé ọkọ̀, ó bo aṣọ tí wọ́n sá, ó gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì bà lé gbogbo nǹkan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin adìẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti sọ. Bàbá Oníwúrà, tó ni ṣọ́ọ̀bù, lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni méjì ló fi sílẹ̀: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àkọ́bí, àti opó ọmọ rẹ̀ kejì tó ti kú, tí gbogbo ilé ṣì ń pè ní Ìyàwó. Nígbà tí Bàbá padà dé, séèfù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó fi ojú tó ń ṣú lọ yìí ṣe fún ọmọge kan tó fẹ́ lọ ilé ọkọ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá ti ilẹ̀kùn pa, ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Sájẹ́ǹtì wá gbogbo ara, gbogbo àpò, gbogbo dúrọ́ọ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Ó ti jù ú sí alábàáṣe ẹ̀ lójú fèrèsé," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Abẹ́rẹ́ wo fèrèsé. Irin wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dí i, èékánná èèyàn ò lè gba ibẹ̀ kọjá. "Alábàáṣe ẹ̀ ní láti jẹ́ eṣinṣin," ó ní.

*

"Bọ̀dá Àkọ́bí, ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra sọ ọ́, etí mi méjèèjì ń gbọ́ràn."

Àkọ́bí fa bẹ́líìtì sókè. Ọkùnrin tó sanra dáadáa ni, kọ́kọ́rọ́ séèfù sì ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ní ìbàdí rẹ̀. "Imú ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní, ìyàwó, ṣé oògùn imú rẹ un nì wà níbẹ̀? Ó fún mi ní hóró kan. Mo fomi gbé e mì. Mo jókòó sídìí tábìlì abẹ́ fèrèsé yìí, mo ní kí n de òkúta mọ́ òrùka. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ojú mi ti ń wúwo. Mo gbórí lé apá báyìí, ó tán. Mo sùn bí òkú. Ìgbà tí mo jí, séèfù ti ṣí."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó yọ ọ́ ní bẹ́líìtì mi, ó ṣí séèfù, ó tún fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ sùn bí òkú, ẹ sì mọ gbogbo bó ṣe rìn, gbogbo bó ṣe yan. Òkú yín gbọ́n o."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀, ó fi sísín bò ó. Àkọ́bí ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó di dandan kéèyàn rí iná kó tó mọ̀ pé ilé jó ni? Ẹ bi í bóyá ó fún mi lóògùn. Ẹ bi í!"

"Ó kọ́kọ́ sẹ́, ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì ní. "Ó ní òun ò fún un ní nǹkan kan. Àfìgbà tí mo fa páálí oògùn yọ lápò épúrọ̀nù ẹ̀ ló tó jẹ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Abẹ́rẹ́ lára. Ó yíjú sí obìnrin náà. Ojú Ìyàwó pọ́n, ó sì ń fi ìka kan pa ìka kejì.

"Máa bọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn," Abẹ́rẹ́ ní.

*

Yàrá ẹ̀yìn kún fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú wúrà dán, àga kan ṣoṣo ló kù. Abẹ́rẹ́ ò jókòó, kò sì ní kí obìnrin náà jókòó.

"Kí ló dé tó o fi purọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, màmá. Ọjọ́ tí oníkẹ́míìsì ta á fún mi ló ti kìlọ̀, ó ní oògùn tí wọ́n ń yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó fún un ni, kì í ṣe gúgúrú tí wọ́n ń há. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè, mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn."

"Mo ti rí irọ́ kékeré tó pọ̀, mo sì mọ irọ́ ńlá tó ń bí wọn."

Abẹ́rẹ́ ń wò ó, inú rẹ̀ ò sì tíì dúró síbì kan. Irọ́ ẹni tẹ́rù ń bà àti irọ́ olè, aṣọ kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀; bí wọ́n bá bọ́ ọ lèèyàn ń mọ̀.

"Ìwọ náà lo oògùn yẹn lónìí?"

"Láàárọ̀. Tí mi ò bá lò ó lásìkò òdòdó yìí, ojú mi á máa yún mi, omi á máa dà ní imú mi lé wúrà oníwúrà."

"O sùn?"

Obìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí ń yí, ìka mi sì wà lẹ́nu ẹ̀ látàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé mo sùn ni, màmá, ẹ kà wọ́n, ṣé wọ́n á pé báyìí?"

Ó kù díẹ̀ kí Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa ń jókòó sídìí tábìlì abẹ́ fèrèsé?"

"Ọkọ mi tó kú ló ni ín. Látìgbà tó ti lọ, ó ti ṣófo. Bàbá ní ojú àwọn ti ń ṣú, pé kí n kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí n wá jókòó síbẹ̀, káwọn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de òkúta kójú tó lọ pátápátá."

"Àkọ́bí gbọ́?"

"Ojú ẹ̀ ni Bàbá ti sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ìyàwó, a kí ẹ kú oríire." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Màmá, tí mo bá gba ilẹ̀kùn yìí jáde pẹ̀lú orúkọ olè, ká tiẹ̀ ní wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́la, oníwúrà wo ló máa tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan wúrà? Iṣẹ́ yìí nìkan lọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀."

*

Tábìlì abẹ́ fèrèsé fẹ̀ bí ibùsùn. Òrùka kan wà lórí rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú àwo, irin kéékèèké tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, lẹ́búlẹ́bú òdòdó sì bo gbogbo wọn lọ bẹẹrẹbẹ. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ká ètè rẹ̀ jọ láti fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Má fẹ́ ẹ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ́ ẹ!"

Bàbá Oníwúrà ni. Látìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún. Ó ti dìde báyìí. "Ẹ má bínú, ìyá. Níṣẹ́ tiwa, a kì í nu tábìlì, a kì í gbálẹ̀ bí ẹni gbálẹ̀. Wúrà tí fáìlì bá ha, inú eruku ló ń bọ́ sí. Tá a bá ti ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo máa ń fi ìyẹ́ yìí gbá a jọ."

Ìyẹ́ ẹyẹ ńlá kan wà lára ògiri, ọ̀pá rẹ̀ ti pọ́n nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú. "Bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ìyẹ́ bá wà, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù."

"Níbo ni eruku náà ń lọ?"

"Inú ìgò nì."

Ìgò ńlá kan wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn séèfù. Ó kún dé àárín. Abẹ́rẹ́ fojú sí i lára, ó yí i po. Eruku eléérú ni, ó ṣú, ó wúwo. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, eruku ọ̀hún pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí ẹyin fọ́ sínú eérú.

"Mo ti wo ìyẹn, ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì ní. "Ìgò ni, ojú ń rí inú ẹ̀. Eruku lásán."

"Bó bá kún, ta ló ń gbé e lọ?"

"Àkọ́bí ni," Bàbá dáhùn. "Ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yọ́ wúrà, ìyẹn á jó o, á yọ wúrà inú ẹ̀ fún wa. Ọ̀la ló ń lọ."

"Ìgò ò tíì kún."

"Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á ti bá ibẹ̀ kọjá lọ́nàkọnà."

Abẹ́rẹ́ mi orí, bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tó ṣe pàtàkì. "Igi ìta wọ̀nyí, ìgbà wo ni wọ́n tanná?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ewé lásán ni."

Ó padà sídìí tábìlì. "Bọ̀dá Àkọ́bí, ibí yìí lẹ gbórí lé?"

"Ibẹ̀ gan-an."

"Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá gbé apá àti orí lé tábìlì, tí òdòdó ń rọ̀ lé e lórí, yóò fi àwòrán ara ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Irun yín ló yẹ kó pọ́n, kí ibí yìí mọ́. Irun yín mọ́, ibí yìí ló pọ́n."

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Nígbà tí mo jí, mo gbọn orí mi. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ títí tẹ́ ẹ fi dé. Ó tún bò ó ni."

"Ó ṣeé ṣe, ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì ní.

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ohun tó ń bí Abẹ́rẹ́ nínú nìyẹn. Irọ́ ọkùnrin náà yọ̀ bí ilá, gbogbo ibi tó bá ti dì í mú ló ń bọ́.

*

Abẹ́rẹ́ ní kí Bàbá máa ṣọ́ ilẹ̀kùn, òun àti Sájẹ́ǹtì sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì níbi tí títì ti yà. Obìnrin tó ni ín gbé awò ojú lé iwájú orí, ó gba páálí oògùn lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn.

"Èmi ni mo tà á, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wà lára páálí ló wà nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ẹ̀. Oògùn imú ni, fún ẹni tára ẹ̀ kọ òdòdó. Kì í múni sùn."

"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé oògùn imú ń múni sùn," Sájẹ́ǹtì dá sí i.

"Gbogbo ayé wo? Ti ayé àwọn ìyá wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lò ó, wọ́n á sùn mọ́ oúnjẹ lẹ́nu. Ti ìsinsìnyí kì í dé ọpọlọ tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ń lò ó, tíṣà ń lò ó, ọkàn wọn á sì pé."

"Ṣé o lè búra ní kóòtù," Abẹ́rẹ́ bi í, "pé kò lè mú ẹnikẹ́ni sùn láéláé?"

Oníkẹ́míìsì fa awò ojú wálẹ̀. "Búra kẹ̀? Ara ò dọ́gba. Ẹnì kan lè wà láàárín ọ̀pọ̀ tó máa ní ó rẹ òun díẹ̀. Àmọ́ kéèyàn máa sùn bí òkú..."

"Lọ́yà ọmọkùnrin yẹn á jókòó lórí 'ó rẹ òun díẹ̀', kò ní jẹ́ kó o dé 'àmọ́'."

"Hàṣììì!"

"Ìwọ yìí náà," oníkẹ́míìsì kọjú sí Sájẹ́ǹtì, "kí ló dé tó ò lo nǹkan kan?"

"Kí n lò ó kí n sùn lẹ́nu iṣẹ́? Wọ́n á gba bẹ́líìtì mi!"

Abẹ́rẹ́ yíjú wò ó. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó lábẹ́ ẹní ara rẹ̀. Ẹni tí kò lò ó rí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé yóò mú òun sùn. Ẹni tó sì lò ó yóò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ Àkọ́bí gbé hóró yẹn mì rárá?

Ó na ọrùn sórí káńtà, ó sọ̀rọ̀ sí oníkẹ́míìsì létí. Oníkẹ́míìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó bi Sájẹ́ǹtì láwọn ìbéèrè kan nípa ara rẹ̀ àti oògùn tó ń lò, ó sì wé hóró funfun méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú bébà tirẹ̀.

*

"Ìdánwò kan ló kù," Abẹ́rẹ́ ní. "Oníkẹ́míìsì ní oògùn yìí kì í múni sùn. Ẹ̀yin ní ó ń múni sùn. Bọ̀dá Àkọ́bí, ẹ gbé hóró kan mì níwájú wa. Tẹ́ ẹ bá sùn, ẹ̀yin lẹ jàre. Ìyàwó á tẹ̀lé Sájẹ́ǹtì lọ sí àgọ́ wa, mi ò sì ní bi í ní nǹkan kan mọ́."

"Màmá!" Ìyàwó kígbe.

"Dákẹ́. Sájẹ́ǹtì náà á lo ọ̀kan. Sísín ẹ̀ ti sú mi."

Sájẹ́ǹtì wo hóró ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé àkekèé mì, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ti Àkọ́bí ò tiẹ̀ dúró lẹ́nu. Ó fomi lé e, ó jókòó sídìí tábìlì abẹ́ fèrèsé, ó ká apá sórí rẹ̀.

Omi inú kọ́ọ̀bù ò tíì dákẹ́ mímì tó ti ń yán. Ó yán lẹ́ẹ̀kan, ó nu ojú, ó yán lẹ́ẹ̀kejì. Orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pẹ tí wọ́n gé nídìí. Ó gbé e lé apá. Láìpẹ́, ó ń hanrun, ihanrun tó ń mú irin orí tábìlì gbọ̀n.

Wọ́n dúró. Oòrùn kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sí ara ògiri. Sájẹ́ǹtì ń na ojú ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń sùn.

"Ọ̀gá," ó sọ jẹ́jẹ́, "èmi ò sùn o. Imú mi sì ti gbẹ."

"Mo rí i."

Bàbá Oníwúrà mí kanlẹ̀. Kò wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ó sùn lóòótọ́," ó ní. "Ojú tì mí. Ẹ máa mú un lọ."

"A ó mú un, Bàbá. Sájẹ́ǹtì, gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá."

Irin dún. Ìyàwó na ọwọ́ méjèèjì, omi ń dà lójú rẹ̀. Nídìí tábìlì, ihanrun náà tún lọ sókè sí i, ó dùn, ó balẹ̀.

"Kí a tó lọ," Abẹ́rẹ́ ní, ohùn rẹ̀ ò ga ju ti ẹni tó ń béèrè omi, "Bàbá, ẹ bá mi da ìgò eruku yẹn sílẹ̀."

Ihanrun dákẹ́.

"Kí la fẹ́ wá níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Òdòdó. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí nigi tanná. Eruku ọ̀sẹ̀ yìí ló kẹ́yìn wọ ìgò, orí òkè ló yẹ kó wà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti rí i. Eruku kì í rìn, Bàbá. Ẹnì kan ló da ìgò yìí dorí kodò, tó fi nǹkan sí i láàárín, tó tún kó eruku padà lé e. Ẹni náà sì ń kánjú kí ìgò tó kún, ó fẹ́ gbé e jáde lọ́la."

Bàbá dìde. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé ìgò.

"Bàbá, ẹ má dà á!" Àkọ́bí ti dúró gbọnrangandan, àga rẹ̀ ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Wúrà á ṣòfò!"

Gbogbo wọn wò ó. Ẹyinjú rẹ̀ mọ́ gaara.

"Ẹ kú oorun o," Abẹ́rẹ́ ní.

"Mo... ariwo yín ló jí mi."

"Ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò jí yín, ariwo ìgò ló jí yín. Sájẹ́ǹtì tó lo oògùn imú gan-an ló ń wò yín yìí, kò ṣẹ́jú. Fítámìnì ọmọdé ni mo fún ẹ̀yin."

Bàbá Oníwúrà da ìgò dorí kodò sórí tábìlì. Eruku tú yaa. Láàárín rẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn náà jábọ́, ó dún gbì, ó ká jọ síbẹ̀ bí ejò.

"Bàbá, mi ò fẹ́ tà á!" Àkọ́bí ti dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ kó lọ nìkan ni! Àlejò ni! Tábìlì àbúrò mi lẹ fẹ́ gbé fún un, kí ló wá kù tẹ́ ẹ ò ní gbé fún un?"

Bàbá gbé ẹ̀gbà ọrùn sókè, ó gbọn eruku rẹ̀ padà sórí tábìlì, ó gbé e sínú séèfù. Ó lọ síbi ògiri, ó já ìyẹ́ náà wálẹ̀. Àkọ́bí dìde lórí orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ẹ jẹ́ n gbá a, Bàbá. Ẹ jẹ́ n bá yín gbá a jọ."

Arúgbó náà gbé ìyẹ́ kọjá lórí àtẹ́lẹwọ́ Àkọ́bí.

"Ìyàwó wa," ó ní, "gbà. Gbá wúrà rẹ."